Òòrẹ̀ Kì Í Ta Ẹ̀gún Bí Ọfà

Ẹ béèrè bí òòrẹ̀ ṣe ń jà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò sọ ni pé ńṣe ló máa ń ta ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ lu ọ̀tá láti òkèèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó wà nínú igbó wa kò lè ṣe é, èyí tó ń gun igi ní Amẹ́ríkà náà kò lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dàgbà gan-an. Aristotle, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì, ti kọ ọ́ sínú ìwé tó ṣe nípa ẹranko ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Pliny ará Róòmù náà kọ ọ́, àwọn tó tẹ̀ lé wọn sì ń gbé e kiri.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ìdí ẹ̀gún náà. Irun ni ẹ̀gún òòrẹ̀, irun tó nípọn tó sì le koko. Èròjà tó di èékánná wa náà ló dì í. Lára òòrẹ̀ ńlá ilẹ̀ Áfíríkà, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35. Iṣan wà lábẹ́ awọ níbi tí àwọn ẹ̀gún yìí ti hù, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó gbé wọn nàró lọ. Irú iṣan yẹn náà ló ń mú kí irun ara wa dìde bí òtútù bá mú wa. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ tó lè ju ẹ̀gún síta. Bí a bá ní ọfà ni, ọrun rẹ̀ dà?

Òòrẹ̀ kì í tilẹ̀ fẹ́ jà. Yóò kọ́kọ́ na ẹ̀gún sókè kó lè tóbi lójú ọ̀tá, yóò máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, yóò sì mi ìrù. Inú àwọn ẹ̀gún ìrù rẹ̀ ṣófo, nítorí náà wọ́n ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀tá bá kọ̀ tí kò lọ, òòrẹ̀ á kọ ẹ̀yìn sí i, á sì fi ẹ̀yìn sáré kọ lù ú. Níbẹ̀ ni ìjà wà. Ẹ̀gún náà kò fi bẹ́ẹ̀ dì mọ́ awọ ara rẹ̀, torí náà bó bá ti wọ ajá lójú, á já kúrò lára òòrẹ̀, á sì dúró sínú ẹran ara ajá. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà á bá ajá tí ẹ̀gún kún imú rẹ̀, á rí òòrẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á wá rò pé ó ta á ni. Àwọn tó ti fẹ́ já tẹ́lẹ̀ náà a máa bọ́ sílẹ̀ bó bá ń gbọn ara, òmíràn á sì hù dípò wọn.

Òòrẹ̀ Amẹ́ríkà ní ẹ̀gún bí 30,000. Ṣónṣó wọn ní ìwọ́ wínníwínní tó kọjú sẹ́yìn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 fi hàn pé ìwọ́ yìí ń mú kó rọrùn fún ẹ̀gún láti wọlé, ó sì ń mú kó ṣòro láti fà jáde. Ti Áfíríkà kò ní irú ìwọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun eré. Ní 1965, ní Darajani ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, wọ́n pa kìnnìún kan tó ti pa èèyàn. Ẹ̀gún òòrẹ̀ ni wọ́n bá nínú imú rẹ̀, ebi sì ti mú kó rù hangogo. Kìnnìún yẹn ló lọ bá ẹ̀gún, ẹ̀gún kò fò wá bá a.

Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé òòrẹ̀, ẹ má sá tẹ̀ lé e, ẹ má sì sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀; bí ẹ bá ti fi àyè sílẹ̀, kò sí ohun tó lè fi bá yín. Bó bá sì gún ajá yín, ẹ má gé ẹ̀gún náà. Àwọn kan ní tí a bá gé e, atẹ́gùn inú rẹ̀ á jáde, á sì rọrùn láti fà. Ìyẹn náà kì í ṣòótọ́: ńṣe lẹ máa gé ibi tí ẹ ìbá dì mú dànù, èyí tó kù lè fọ́ sínú ẹran. Ẹ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kíákíá.