HD wo lẹ ń sọ gan-an?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi nìkan lọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n HD (èyí tí wọ́n ní àwòrán ẹ̀ máa ń mọ́ kedere) yìí ń bí nínú ni? Wọ́n ní 1920 lọ́nà 1080 ni, ìyẹn ìlà àwòrán 1080 tí ìkọ̀ọ̀kan ní àmì tíntìntín 1920, mo kówó lé e, mo gbé e délé mo tàn án, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá wá rí wúruwùru bí ẹni ń wo nǹkan nínú omi ọṣẹ, nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì gan-an ò ṣeé kà, àṣé ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn kì í tiẹ̀ ṣe HD, ìlà 576 péré ni wọ́n fi ń gbé e wá dípò 1080, tẹlifíṣọ̀n kàn ń fà á gbòòrò ni! Kí n tún ra dikódà míì, kí n tún fowó kún owó tí mò ń san fún ṣánẹ́ẹ̀lì lóṣooṣù, kí n tó rí HD gidi. Wọ́n sì tún ti ń pariwo 4K, èyí tó tún mọ́ ju HD lọ, báyìí, ẹ gbà mí o.