Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá zip PDF kí fóònù tó lè gbà á sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo tún gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Fọlágbadé, Ìjẹ̀bú-Òde níbí, lẹ́nu ẹni tó ń gbowó ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fáwọn èèyàn: "Fáìlì tó bá ti ń jẹ́ PDF, bráwúsà máa ṣí i ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó download, ẹ zip ẹ̀." Irọ́ ni.

Wọ́n rí i pé zip (fáìlì tí wọ́n dì pọ̀ sínú ẹyọ kan) máa ń wọlé tààrà, ni wọ́n bá gbà pé orúkọ fáìlì ló ń pàṣẹ. Bráwúsà (áàpù tẹ́ ẹ fi ń wo wẹ́ẹ̀bù, bíi Chrome tàbí Firefox) kò mọ bó ṣe máa fi zip hàn lójú ìwé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí fáìlì tó dé, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fáìlì náà wà lórí rẹ̀, máa ń kọ́kọ́ fi àwọn header ránṣẹ́, ìyẹn àwọn ìlà kéékèèké tó ń sọ fún bráwúsà nípa fáìlì náà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Content-Disposition. Bó bá sọ pé inline, bráwúsà á ṣí fáìlì náà bó bá lè ṣí i. Bó bá sọ pé attachment, á gbà á sílẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ra ìkọ́kọrẹ́ ní bùkátéríà ni: ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún olóúnjẹ ló máa jẹ́ kó bù ú sínú abọ́ tàbí kó dì í sínú ọ̀rá, ìkọ́kọrẹ́ ọ̀hún ò yí padà. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Inú ímeèlì ló ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ RFC 6266 sì là á sílẹ̀ fún wẹ́ẹ̀bù lọ́dún 2011.

Èmi fúnra mi ṣe é fún ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan tó fi ètò Ojúde Ọba síta ní PDF. Àwọn ìyá wa ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣí, àmọ́ tí dátà bá ti tán, wọn ò rí i mọ́. Ẹnì kan ti bá wọn zip ẹ̀ tẹ́lẹ̀, fóònù ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ bó ṣe máa tú u. Mo yọ zip kúrò, mo kọ ìlà kan sínú .htaccess, fáìlì tá a fi ń pàṣẹ fún sáfà Apache, fún àwọn PDF:

Header set Content-Disposition attachment

Bí wọ́n ṣe tẹ líǹkì náà báyìí, inú Downloads ló lọ. Mo yọ ìlà náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Mo dá a padà, ó wọlé. Orúkọ kan náà, fáìlì kan náà. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá? Kódà mo fún un lórúkọ tó ní àmì ohùn, nípasẹ̀ filename*, tí mo fi kún header kan náà:

filename*=UTF-8''Oj%C3%BAde-%E1%BB%8Cba.pdf

"Ojúde-Ọba.pdf" gan-an ló hàn lórí fóònù wọn.

Àwọn míì á ní àwọn ti kọ ọ̀rọ̀ náà download sínú kóòdù HTML líǹkì, kò ṣiṣẹ́. Ibòmíì ni fáìlì yín wà nìyẹn. Láti Chrome 65, lọ́dún 2018, kò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí mọ́ bí fáìlì bá wà lórí sáìtì mìíràn. Firefox náà ò gbà á. Header sáfà ni kẹ́ ẹ dojú kọ.

Mo gbà pé àpótí tó ń béèrè ibi tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú fáìlì sí kò sí lọ́wọ́ wa. Ètò bráwúsà oníkálukú ló ń pinnu ìyẹn.

Ẹni tó bá ń fi PHP, èdè tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, fi header náà ránṣẹ́, kó kọ header() kí ohunkóhun tó jáde lójú ìwé. Àlàfo kan ṣoṣo tó bá ṣáájú rẹ̀ lè bà á jẹ́.