Ìfun Inú Èèrà

Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Bí wọ́n bá pa òwe yìí fún ẹni tí ń kánjú, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni pé kí òun ní sùúrù, ó tán. Lójú tèmi, òwe náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ pé sùúrù ló fi ìfun sínú èèrà. Ìfun ti wà níbẹ̀ kí a tó dé, ọwọ́ wa ló le jù. Ẹni tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ èèrà fọ́ náà pa èèrà, ṣùgbọ́n àbàwọ́n dúdú lásán ló rí, bó bá sì délé, á máa sọ fáráyé pé òun ti rí inú èèrà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Kí ló tilẹ̀ wà níbẹ̀? Àwọn tó fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó rí i pé inú ọ̀pọ̀ èèrà, ikùn kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan wà lẹ́yìn, ti ara rẹ̀ nìyẹn. Èkejì wà níwájú, ó dà bí àpò, ibẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ olómi sí lọ sílé fún àwọn yòókù. Bó bá pàdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ebi ń pa, á pọ díẹ̀ jáde, á fi sí i lẹ́nu. Àárín àpò àti ikùn ni ohun kan bí ilẹ̀kùn kékeré wà, ìwọ̀nba tí òun fúnra rẹ̀ nílò ló ń jẹ́ kó gba ibẹ̀ kọjá. Sólómọ́nì ní kí ọ̀lẹ tọ èèrà lọ, kó kíyè sí ìṣe rẹ̀, kó sì gbọ́n. Ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí ẹsẹ yẹn kò lóǹkà, iṣẹ́ ṣíṣe àti ìfipamọ́ ni gbogbo wọn ń tẹnu mọ́. N kò tíì gbọ́ èyí tó mẹ́nu ba àpò iwájú yẹn.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwa onígbàgbọ́ fẹ́ràn láti máa rí ẹ̀kọ́ nínú gbogbo nǹkan, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí Olúwa wa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, òwe, ni Bíbélì Yorùbá lò fún ìtàn afúnrúgbìn àti fún ọ̀rọ̀ ọgbọ́n Sólómọ́nì. Ẹni tó sì túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ wo ibi tí Jésù ti ń mú òwe tirẹ̀: obìnrin tó fi ìwúkàrà sínú òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun mẹ́ta, ìrépé aṣọ tuntun tí a lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó ẹ̀wù, àwọn ọmọdé tó jókòó lọ́jà tí wọ́n ń bá ara wọn ṣàríyànjiyàn lórí eré, obìnrin tó ní owó fàdákà 10 tí ẹyọ kan sọnù, tó tan fìtílà, tó gbá ilé. Kò lè jẹ́ ẹni tí ń sáré kọjá ló rí gbogbo ìyẹn. Ẹnì kan ti dúró rí lẹ́nu ọ̀nà ibi tí ìyẹ̀fun ti ń wú.

Bákan náà ni ti Mósè. Ó ń da agbo ẹran àna rẹ̀ lọ nígbà tó rí igbó tí ń jó tí kò run. Ẹ ka Ẹ́kísódù orí 3 dáadáa: ìgbà tí Olúwa rí i pé ó yà sápá kan láti wò ó ni Ọlọ́run tó pe orúkọ rẹ̀. Ká ní Mósè sọ pé àwọn ẹran ń dúró de òun ńkọ́? Jeremáyà náà, ẹnu tí Ọlọ́run fi ní kó sọ̀kalẹ̀ lọ sílé amọ̀kòkò ì bá ti fi parí ọ̀rọ̀ náà fún un níbi tó wà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó kọ́kọ́ fojú rí ìkòkò tó bàjẹ́ lọ́wọ́ amọ̀kòkò, tó sì tún un mọ di ìkòkò mìíràn.

Ìyípadà sápá kan yẹn kì í ṣòro fún wa. Àtidúró níbẹ̀ gan-an ni wàhálà. Bí a ṣe rí nǹkan báyìí, a ti já ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbà. Táyà jò, a ní Èṣù ni. Ìpàdé tí a ò fẹ́ lọ fọ́, a ní ọwọ́ Olúwa ni. Aládùúgbò pàdánù iṣẹ́, a ti mọ ìdí rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Àtẹ́lẹsẹ̀ lórí èèrà ni gbogbo rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ jáde, n kò rí kọ́kọ́rọ́ ilé lórí ìṣó tí mo máa ń fi í kọ́. Mo wo orí tábìlì, mo yẹ gbogbo àpò aṣọ wò, mo gbé tìmùtìmù. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, a máa fi í ṣeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo bá kọjú sí i. "Dádì, mi ò fọwọ́ kàn án o." Mo ní irọ́ ni. Mo sọ̀rọ̀ débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá ni ìyá rẹ̀ di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́. A ò tì í rárá. Kọ́kọ́rọ́ wà níta, nínú ihò rẹ̀, ìrì ti sẹ̀ sí i lára. Èmi tí mo wọlé kẹ́yìn lálẹ́ àná ni mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Àbí kí ni kí n sọ? Lójú ẹsẹ̀ ni mo bú sọ́pẹ́. Mo ka Sáàmù 121, pé ẹni tí ń pa wá mọ́ kì í tòògbé. Mo ti ń to ẹ̀rí tí màá jẹ́ lọ́jọ́ Sunday jọ lọ́kàn: ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí láti alẹ́ dàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ níta, olè kankan ò wọlé. Ìyàwó mi gbọ́ mi tán, ó ní, "Òótọ́ ni, Ọlọ́run ṣọ́ wa. Bí olè bá wá wọlé ńkọ́, ẹ̀kọ́ wo lẹ ò bá kọ́?" Ó wá fi ẹnu tọ́ka sí ògiri. Ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ kan ò tíì so, ó ń fi apá aṣọ nu imú.

Gbogbo ẹ̀rí tí mo tò jọ yẹn, kò sí àyè ọmọ náà nínú rẹ̀.

Mo ti rò ó púpọ̀ látìgbà náà. Ìdúpẹ́ mi kì í ṣe irọ́, àmọ́ òun ló súnmọ́ ọwọ́ jù, òun ló sì yọ mí nínú ìtìjú. Wòlíì Nátánì sọ ìtàn ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí ọlọ́rọ̀ gbà lọ́wọ́ tálákà fún Dáfídì ọba, tó gba ìyàwó oníyàwó, kíá ni Dáfídì ti rí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, ó tilẹ̀ ti dá ẹjọ́ ikú. Ẹ̀kọ́ tó rí tọ̀nà, orí ẹni tó gbé e lé ni kò tọ̀nà, títí Nátánì fi sọ fún un pé, "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Bí ẹ̀kọ́ kan bá yára já bọ́ sí mi lọ́wọ́, tí kò ná mi ní nǹkan kan, tó sì bá ẹlòmíràn wí, mo ti ń fura sí i báyìí.

Jésù náà kọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn 18, ó bi àwọn tó ń gbọ́ ọ bóyá wọ́n rò pé àwọn tó kú ló dẹ́ṣẹ̀ jù ní Jerúsálẹ́mù. Ó ní rárá, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn alára: kí wọ́n ronú pìwà dà. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje àti òru méje tí wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ni nǹkan bàjẹ́, Ọlọ́run sì bínú sí wọn níkẹyìn. Àwọn ẹsẹ tí wọ́n sọ dùn ún gbọ́, àwa náà ṣì ń fi díẹ̀ nínú wọn gbàdúrà láìmọ ẹni tó sọ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń béèrè lọ́wọ́ mi, n kò ní kí ẹ má wá ẹ̀kọ́ nínú ohun ojoojúmọ́. Ẹ wá a. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí nǹkan náà jẹ́ ohun tó jẹ́ ná. Ọlọ́gbọ́n kan nínú ìwé Òwe kọjá lẹ́bàá oko ọ̀lẹ, ó rí ẹ̀gún tó ti bo gbogbo rẹ̀, ó rí ọgbà olókùúta tó ti wó lulẹ̀, ó rò ó dáadáa, ó tún wò ó, lẹ́yìn náà ló tó gba ẹ̀kọ́. Ẹ fi oorun òru kan sáàárín ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ìtàn yín kò fún láyè. Ìgbà míì, ẹ ò ní rí nǹkan kan, táyà á kàn jẹ́ táyà tí ìṣó gún. Ìyẹn náà kò burú, Ọlọ́run kò fi dandan lé e pé kí a máa sọ̀rọ̀ lórí gbogbo nǹkan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti ọmọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ní mo fẹ̀sùn ohun tí kò ṣe kàn án, kó dárí jì mí. Ó ní kò burú. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá màá ṣì jẹ́ ẹ̀rí náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé ẹ máa sọ pé ẹ̀yin lẹ gbàgbé ẹ̀?" Mo ní màá sọ ọ́. "Àti pé ẹ pariwo mọ́ mi?" Mo ní màá sọ ìyẹn náà. Ó rò ó díẹ̀, ó fa aṣọ ìbora dé àgbọ̀n.

"Ẹ má sọ pé mo sunkún o."