Òdòdó oṣù mẹ́ta kọ́ ló ń jẹ owó yín

Bí ẹ bá ti kọ́lé rí n'Ílọrin, ẹ ó ti gbọ́ ọ. "Ẹ má tíì gbin nǹkan kan o, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ parí ná." Bí ẹ bá yarí pé ẹ fẹ́ rí nǹkan tó ń tàn lójú ilé, wọ́n á ní kí ẹ kúkú ra èyí tó máa pẹ́, torí òdòdó tó máa kú kí ọdún tó yípo, owó tó wọgbó ni.

Mo gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ọdún tí a kó wọlé lápá Tanke, àpò símẹ́ǹtì ṣì wà ní kọ̀rọ̀ tí mo ti lọ bá àwọn tó ń ta fúláwà lẹ́bàá títì, mo sì ra igi masquerade méjìlá. (Ìlú tí wọ́n ń kì pé ẹṣin leégún ilé baba wọn, ẹ wá wo iye masquerade tó tò sẹ́nu géètì wa.) Mo tò wọ́n ti fẹ́ǹsì, wọ́n dúró ṣánṣán. Ọdún kejì, sọ́kàwéè kún. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè gbẹ́ òmíràn, mẹ́rin nínú wọn ló dúró síbẹ̀. Méjì tún wà níbi tí mọ́tò ti ń yí padà. Bí mo ṣe hú igi mẹ́fà nìyẹn, tí gbòǹgbò wọn ti mú ilẹ̀ dáadáa. Èyí tó máa pẹ́ ló jẹ owó mi.

Nígbà tí òjò oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, mi ò ra igi kankan. Mo kọ ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lẹ́bàá ògiri yí ilé ká, mo da ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ sí i, mo gbin zinnia àti cosmos, àwọn òdòdó tí kì í pé ọdún, mo sì fọ́n ṣọkọ. Ṣọkọ tí ẹ mọ̀ náà ni o, ti inú ìkòkò ọbẹ̀. Irú rẹ̀ kan ń yọ ìrù pupa tàbí yẹ́lò bí iná àbẹ́là, òun làwọn òyìnbó ń tà nínú páálí pélébé gẹ́gẹ́ bí òdòdó. Irúgbìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà ṣù jọ.

Àlhájà tó múlé tì wá yọjú láti orí fẹ́ǹsì: "Bàbá Ìbejì, ṣé ṣọkọ lẹ gbìn síwájú pálọ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó yọ ìrù ná."

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, zinnia ti là. Àmọ́ ibì kan wà, kò gùn ju ọ̀pá méjì lọ, tí gbogbo ohun tó hù níbẹ̀ ràn. Ojú ewé pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan rẹ̀ nìkan ló ṣì tutù. Mo fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ, ó dún kò. Ibẹ̀ làwọn bíríkìlà ti po kọnkéré, wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ bo èyí tó ṣẹ́ kù. Ilẹ̀ tí símẹ́ǹtì bá ti wọ̀ kì í jẹ́ kí ewéko rí irin fà mu, ìyẹn ló ń mú ewé pọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti fojú sí fún ọsàn mímu. Ẹ wo iye ọdún tí ǹ bá fi máa bomi rin ín kí n tó mọ̀ pé kò ní ṣe é. Cosmos náà ní tirẹ̀: lẹ́yìn òjò ńlá kan, omi orí páànù gbá ìlà kan lọ títí dé ẹnu géètì, mo sì mọ ibi tí gọ́tà máa gbà.

Oòrùn wá ni baba gbogbo wọn. Ìwọ̀n 8.5 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì ni Ìlọrin wà, nítorí náà láti àárín oṣù Kẹrin títí di ìparí oṣù Kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ti ń wo ilé wa. Àwọn oṣù yòókù, apá gúúsù ni. Ẹ bi àwọn Alfa tó ń fi òjìji wo àkókò Àìlà. Ògiri tó ga ní mítà 3 á na òjìji tó sún mọ́ mítà 2 sí apá àríwá lọ́sàn-án oṣù Kejìlá. Lóṣù Kẹfà, òjìji yẹn á bọ́ sí gúúsù, kò sì ní pé mítà 1. Apá àríwá tí zinnia mi ti ń rí oòrùn dáadáa nígbà òjò, abẹ́ òjìji ló wà nígbà ọyẹ́, ó tutù rinrin. Ẹni tó bá ra igi òdòdó ixora síbẹ̀ nítorí ohun tó rí lóṣù Kẹfà, ewé lásán ni yóò máa wò fún ìdajì ọdún.

Kì í ṣe gbogbo òdòdó ló yẹ fún dídán ilẹ̀ wò báyìí ṣá. Tannáposó dára, ó máa ń là bí Aláásàrì bá ti ń wọlé, àmọ́ iṣu wà nídìí rẹ̀, bí ẹ bá gé e á tún hù. Òdòdó yẹ́lò ńlá ẹ̀bá ọ̀nà Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní jogbo, ẹ má tiẹ̀ mú un wọlé.

Ní ti wàhálà bíbomi rin òdòdó tí àwọn kan fi ń dẹ́rù bani, òjò ló ń bomi rin wọ́n. Ó máa ń dáwọ́ dúró bí oṣù Kẹwàá bá ń lọ, òdòdó á gbẹ, ìgbà yẹn gan-an sì làwọn bíríkìlà máa ń rí àyè wá. Ẹ ó fà á tu ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìńtálọ́ọ̀kì á wọlé.

Mo ti gbọn irúgbìn ṣọkọ ti ọdún yìí sínú ìgò. Àlhájà ti gba tiwọn, wọ́n ní ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sè. Ọsàn ti wà níwájú báyìí, níbi tí kò sí kọnkéré. Apá àríwá ṣì ṣófo.