Ẹ̀yin tí ẹ ń ta exosome l'Adó, ibo lẹ ń tọ́jú ẹ̀ sí?

Ẹ̀yin oníṣòwò ìpara ojú ní Ọjà Ọba àti Fájúyì, ẹ má bínú sí mi. Èrò ọkàn mi ni mo fẹ́ sọ.

Exosome tí ẹ ń tà fún ojú yẹn wà lóòótọ́. Sẹ́ẹ̀lì ewéko, ìbáà ṣe ti atalẹ̀ tàbí ti àjàrà, máa ń tú àwọn àpò tín-ín-tín jáde; àwọn ni wọ́n ń pè ní exosome. Ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe ara àpò náà. Purotéènì àti RNA, ìyẹn ohun tó ń gbé ìsọfúnni nínú sẹ́ẹ̀lì, ló wà nínú ẹ̀. Ẹ to bí ẹgbẹ̀rún kan wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò ju fífẹ̀ irun orí kan lọ. N ò bá onímọ̀ kankan jà lórí ìyẹn.

Ìtọ́jú ẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Ní yàrá ìwádìí, inú fìrísà tó tutù tó -80°C ni wọ́n sábà máa ń kó o sí, torí ooru a máa bà á jẹ́. Fìrísà ilé wa, lọ́jọ́ tí iná bá wà, -18 ló mọ. Tiyín wá wà lórí tábìlì lábẹ́ agboòrùn láti àárọ̀, nínú oòrùn Adó yìí! Èyí tí wọ́n bá dì, tí wọ́n sì gbẹ di lẹ́búlẹ́bú, mo lè gbọ́ tiẹ̀. Olómi inú ìgò yẹn ńkọ́?

Ẹ tún ní ó ń wọ awọ lọ tààrà. Ta ló sọ fún yín? Òkú sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ra wọn gírígírí ló bo awọ wa lókè. Lọ́dún 2000, Bos àti Meinardi, àwọn onímọ̀ nípa awọ, kọ ọ́ pé ohun tó bá ju 500 dalton lọ (dalton ni wọ́n fi ń wọn bí àwọn ohun tín-ín-tín ṣe wúwo tó) kì í sábà ráyè kọjá. Àpò yìí tóbi ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi abẹ́rẹ́ wẹẹrẹ gún ojú kí wọ́n tó fi í pa á. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kò tíì fọwọ́ sí exosome kankan fún ìtọ́jú ara, àwa wá ń gún omi tí a ò mọ orísun ẹ̀ wọ ojú ọmọ ọlọ́mọ ní ṣọ́ọ̀bù!

Ní tèmi, òrí àti àdín àgbọn ni mo ṣì ń náwó lé. Ẹni tí ìgò tiẹ̀ bá ní nọ́ńbà NAFDAC, kó ya fọ́tò ẹ̀ síbí, kó sì sọ ibi tó ń tọ́jú ẹ̀ sí.