Èsì wa fún oníbàárà wa ní Ìsánlú tó fún wa ní ìràwọ̀ kan

Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Mo ti kà á, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti kà á, ìyá mi tí kò mọ̀wé kà náà ti gbọ́ ọ, torí ẹnìkan ní Kabba níbí ti lọ kà á sí i létí.

Ohun tí ẹ kọ ni pé AC tí ẹ rà lọ́wọ́ wa kò tutù ju oṣù méjì lọ, pé a gba owó gáàsì lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, pé a kì í gbé fóònù, àti pé kí ni obìnrin mọ̀ nípa AC tó fi ń tà á. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló dùn mí jù. Ọdún 19 ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí. Lọ́kọ́jà ni mo ti kọ́ ọ, ibi tí ooru kì í jẹ́ kí ènìyàn fi AC ṣeré. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń so géèjì tó ń wọn agbára gáàsì, òun ni mo fi ń gé páìpù. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló ti gba fúrídọ̀mù lọ́dọ̀ mi, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn.

Ó wá ku AC. Ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ni ẹ rà á, kí àlejò Kérésì tó dé. Ọmọ iṣẹ́ mi ti kọ́kọ́ wá wọn pálọ̀ yín. Mo sọ fún yín pé AC tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 HP kò ní ká a, pé yàrá ìbùsùn ni 1 HP tó fún, pé 2 HP ni kí ẹ mú, torí fèrèsé gíláàsì ńlá méjì ló kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Mo ní kí ẹ ra stabilizer mọ́ ọn, ẹ̀rọ tó ń mú kí iná dúró déédéé. Ẹ ní owó ti tán, ẹ mú 1 HP. Mo kọ ìmọ̀ràn méjèèjì sẹ́yìn rìsíìtì, ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ 17 oṣù kejì ni ẹ kọ́kọ́ pè. A gbéra láti Kabba, a kọjá Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, a kọjá Mọ̀pà, a dé ilé yín. Eruku ọyẹ́ ti bo filter inú, ó nípọn bí aṣọ òtútù, ó sì ti dí ẹ̀yìn àpótí AC tó wà níta. Afẹ́fẹ́ kò ríbi gbà. A fọ méjèèjì, AC tutù, kọ́bọ̀ kan a kò gbà. Èyí kò sí nínú ohun tí ẹ kọ.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí tí ẹ ní AC nílé, bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ máa yọ filter yẹn fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ sá a síbòòji kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Kí ẹ sì wo rìmóòtù: bí kò bá sí lórí àmì yìnyín, fáànù lásán ló ń fẹ́ fún yín. Kò sí owó lórí èyí.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ gáàsì ṣẹlẹ̀. Ìsìnkú gbé mi lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ló wá. Èyí àbúrò, tí kò tíì lò ju oṣù méje lọ, so géèjì, ó rí i pé gáàsì ti lọ sílẹ̀, ó rọ òmíràn sí i, ó gba ₦25,000, wọ́n sì wálé. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà, n kò ní sá fún un. Gáàsì AC kì í tán bí epo mọ́tò. Inú páìpù tó di pa ló ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ọdún dé ọdún. Bó bá dín, ibì kan ti jò. Ẹni tó bá rọ gáàsì láì wá ibi tó ń jò, omi ló ń bù sínú ajere. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Kò tún dá jáde láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ kà mọ́ wa lọ́rùn, ẹlòmíràn lẹ san án fún. Ẹ pe ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe lójú títì. Nígbà tí èmi fúnra mi dé lọ́jọ́ 12 oṣù kẹrin, ẹni tó ń ṣọ́ ilé yín ló fi agolo tó jù sílẹ̀ hàn mí: gáàsì R22. Irú gáàsì mìíràn, R410A, la kọ gàdàgbà sára AC yín. Agbára tí R410A fi ń ti páìpù ju ti R22 lọ gan-an, òróró inú compressor wọn, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri inú AC, kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ kò tún AC ṣe, ó ń pa á lọ díẹ̀díẹ̀ ni.

Mo fi ọṣẹ tó ń hó pa ìdí nọ́ọ̀tì níta, ó ń hó kùṣùkùṣù. Páìpù ti tẹ̀ lọ́rùn, ojú àkàbà sì wà lára àpótí náà. Ẹni tó wá de irin sí fèrèsé yín ló gbé àkàbà tì í. A kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú oṣù kejìlá, mo ní fọ́tò.

Mo dúró di aago mẹ́jọ alẹ́ kí n lè wọn iná. 165 volt ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 220 ni AC ń fẹ́. Compressor á kùn, á kú, fáànù inú á ṣì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, onílé á sì rò pé gáàsì ló tán. Ohun tí mo sọ nípa stabilizer nìyẹn. Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ ní kí n dúró, ẹ fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo rí ìràwọ̀ kan.

Ti fóònù, ọjọ́ ìsinmi ni ẹ pè, ṣọ́ọ̀ṣì la wà.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. ₦25,000 yín ń padà bọ̀ lónìí. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi àgbà máa wá, owó ọkọ̀ lọ́rùn mi. A máa fa gáàsì àdàlù yẹn jáde, a máa gé ẹnu páìpù tuntun, a máa fi afẹ́fẹ́ nitrogen dán an wò bóyá ó ń jò, a máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, a ó sì wọn R410A sí i lórí òṣùwọ̀n bí ilé iṣẹ́ ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Gáàsì náà, èmi ni mo máa rà á. Bí compressor bá ṣì yè, mo fi oṣù mẹ́fà kún wàrántì yín. Ẹ̀yin ni ẹ máa ra stabilizer, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti rà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan AC náà kí a tó dé.

Ìràwọ̀ kan tí ẹ fún mi, ẹni tó rọ R22 sínú AC yín ló ni ín.