Ẹsẹ̀ Ni Wọ́n Fi Ń Gun Àpáta, Kì í Ṣe Apá

Bí fídíò ẹni tó ń gun àpáta bá ti jáde lórí fóònù ní Ìkòròdú níbí, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́: "Ẹ wo iṣan apá! Ẹni tí kò bá lè gbé irin kò lè débẹ̀." Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ jíìmù gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá wa náà gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tí ara wọn fúyẹ́ sì ti torí ẹ̀ yọ ara wọn kúrò níbẹ̀. Irọ́ ni. Ó ń dùn mí gan-an, torí àwọn tí eré yìí ìbá bá lára mu jù lọ ni ọ̀rọ̀ náà ń lé sẹ́yìn.

Ẹ wo adẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ ní Ìmọ̀tà tàbí Ìjẹ̀dé. Ó fi igbà yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ po, ó fara ti igbà sẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara igi. Bó bá fẹ́ gòkè, á sún mọ́ igi díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, á ta igbà sókè, á sì gbé ẹsẹ̀. Itan ló ń gbé e lọ. Àwọn bàbá arúgbó wà nínú wọn tí kò gbé irin rí láyé wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí àpáta, pàápàá ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gbà. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í dúró gán-ín. Ó máa ń fì sẹ́yìn. Rọ́bà tó ń di òkúta mú ló wà nídìí bàtà wọn. Ẹni tẹ́rù bá ń bà á fi àyà gbá àpáta mọ́ra, ibẹ̀ gan-an lẹsẹ̀ ti ń yọ̀, torí ìwọ̀n ara ò tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá yọ ìdí sẹ́yìn díẹ̀, tó rẹ gìgísẹ̀ wálẹ̀, tó ń gbé ìgbésẹ̀ kéékèèké, á dúró digbí. Apá á sì nà tààrà. Apá tó bá ká kò pẹ́ á wú, ọwọ́ á sì kọ̀ láti dì mú.

Àwọn míì á ní, "Ṣebí okùn ló ń fà wọ́n gòkè?" Okùn kì í fa ẹni tó ṣáájú rárá, láti ìsàlẹ̀ ló ti ń tẹ̀ lé e. Bó ti ń lọ, á máa fi irin há pàlàpálá àpáta, á sì fi okùn kọ́ ọ. Ẹnì kejì rẹ̀ á máa tú okùn sílẹ̀ fún un, á sì dì í mú bó bá já bọ́. Irin kan wà tó fẹ̀ lókè, tó tín-ín-rín nísàlẹ̀: wọ́n á tì í bọ ibi tí pàlàpálá ti ń fún, bí wọ́n bá ṣe ń fà á tó ló ń há tó. Òmíràn, tí Ray Jardine ará Amẹ́ríkà ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1978, ní ojú irin tó ń yí. Bí wọ́n bá fà á sísàlẹ̀, á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹnì kejì ló ń yọ gbogbo rẹ̀ bó ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ wá rò ó: ẹni tó fẹ́ yan irin tó bá pàlàpálá mu gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ọwọ́ kan ṣófo, kí ọkàn balẹ̀. Ẹni tó gbára lé apá á ti rẹ̀ kó tó rí irin tó yẹ.

Ní 1993, Lynn Hill gun ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní The Nose lára El Capitan, àpáta ńlá kan ní Kalifọ́níà, tó ga tó bíi 900 mítà, láìfi irin tàbí okùn fa ara rẹ̀ gòkè. Mítà 1.57 péré lobìnrin náà ga. Kò sí ọkùnrin kankan tó ṣe é ṣáájú rẹ̀.

Ìyẹn le o, kì í ṣe tẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Èyí tó sún mọ́ wa ni ti Glenn Exum, ará Amẹ́ríkà, tó dá gun ẹ̀gbẹ́ kan lára òkè Grand Teton lọ́hùn-ún ní 1931, pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù tó tóbi jù ú lọ. Mítà 4,199 ni òkè yẹn. Lórí òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà, tó lọ láti 5.0 tó rọrùn jù dé 5.15 tó le jù, 5.5 ni wọ́n pe líle ọ̀nà náà, àwọn amọ̀nà sì ń mú ẹni tí kò gun àpáta rí gba ibẹ̀ lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀. Ohun tó ń dá èèyàn padà níbẹ̀ ni ìrìn wákàtí gígùn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́, àti àrá ọ̀sán tí wọ́n ń torí ẹ̀ gbéra kílẹ̀ tó mọ́.

Mi ò ní apá ò wúlò. Níbi tí àpáta bá ti yọrí síta, tí èèyàn ń rọ̀ dirodiro, ìka àti apá gbọ́dọ̀ le. Irú ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń yà sí fídíò, torí ó ń bani lẹ́rù. Ta ló fẹ́ ya ẹni tó ń rọra gbẹ́sẹ̀?

Tó bá wù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ dán an wò lára òkè Ìdànrè tàbí Adó-Àwáyè láìsí olùkọ́ àti okùn. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú títí dé ọ̀sà, ẹ máa fẹsẹ̀ kan dúró, ẹ máa ru ẹrù gun àtẹ̀gùn ilé alájà, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn. Bẹ́ ẹ bá wá rí olùkọ́, ẹ jẹ́ kó ṣáájú, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín yọ irin tó fi há òkúta. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ èyí tó há dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí kò há.